Oko Díákónì Gbéminíyì

Ẹni tí kò bá tíì rí ibi tí wọ́n ti fi àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkíni mẹ́rin àti gígé okùn pupa ṣí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo, onítọ̀hún kò tíì mọ Díákónì Ẹnjiníà Oyèlékè Gbéminíyì. Ọmọ Ìkìrun ni, ṣùgbọ́n ìlú Benin ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, òun sì ni igbákejì Dáírẹ́kítọ̀ ní iléeṣẹ́ kan tó ń bójú tó àtúnṣe ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́. N kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà, ẹ má sì bi mí.

Bí ẹnu ẹ̀rọ bá bàjẹ́ nínú ọ̀kan lára àwọn ilé wọ̀nyí, tí wọ́n sì wá fi tuntun rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, Díákónì á dé pẹ̀lú agbádá olówó ńlá, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sinkí, á sì wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ̀yin ẹni iyì, ẹ̀yin ẹni ẹ̀yẹ," á wí bẹ́ẹ̀, "mo dúró níwájú yín lónìí pẹ̀lú ọkàn ìrẹ̀lẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ pé òùngbẹ ń gbẹ sinkí yìí, n kò lè jẹun. Ìyàwó mi wà láàyè, ẹ lè bi í. Mo ní kì í ṣe lójú èmi Gbéminíyì ni sinkí kan yóò ti máa jìyà báyìí."

Akọ̀wé kan wà tó ń jẹ́ Akíntúndé. Iṣẹ́ tí ìjọba gbà á fún ni kí ó máa tẹ lẹ́tà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ni kí ó máa kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Bí Akíntúndé bá ti bẹ̀rẹ̀, obìnrin tó ń gbé inú ilé ọ̀hún, tó ti fi oṣù mẹ́jọ pọn omi gun àtẹ̀gùn náà á pàtẹ́wọ́ tirẹ̀, nítorí ní ọdún kan báyìí, ẹnìkan kò pàtẹ́wọ́ tó, Díákónì sì ní kí wọ́n tú ẹnu ẹ̀rọ náà padà kí wọ́n lọ tún un yẹ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣí i nígbà tó yá.

Ẹ má rò pé ọkùnrin náà kò lè yára o. Ó lè yára ju iná lọ, bí ó bá ṣe ti ara rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ìjọba: àtúnṣe ilé fún àwọn onílé aládàáni, láti orí páànù tó ń jò dé orí ṣáláńgá tó dí. Bí onílé kan ní àdúgbò Uwasota bá pè é láàárọ̀ pé táǹkì omi òun ń jò, Ìdòwú ti máa wà lórí táǹkì náà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìdòwú yìí, púlọ́ńbà ìjọba ni. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ nínú iṣẹ́ náà. Ìjọba ló ń sanwó oṣù rẹ̀, ilé àwọn oníbàárà Díákónì sì ni sípánà rẹ̀ ń gbé.

Ní ilé àwọn òṣìṣẹ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Nọ́ọ̀sì Adétọ́lá fún yín, tó ń gbé ní àjà òkè ní Bùlọ́ọ̀kù Kẹrin. Òrùlé rẹ̀ ń jò sórí ibùsùn ìyá rẹ̀. Ìyá náà ti di ẹni ọgọ́rin ọdún, àyà sì ń dùn ún. Nọ́ọ̀sì kọ lẹ́tà mọ́kànlá láàárín ọdún méjì, ìdáhùn kan náà ló sì ń gbà: "A ti rí ìwé yín, a sì ń gbé e yẹ̀ wò. Àwọn púlọ́ńbà àti káfíńtà wa wà lẹ́nu ìrìn àjò iṣẹ́." Nígbà tí àkókò òjò kẹta tún dé, ó gbé ibùsùn ìyá rẹ̀ lọ sí kíṣìnì, ó tì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Lẹ́tà kejìlá, kò kọ ọ́ mọ́.

Ó ṣe díẹ̀, ẹnìkan kọ̀wé ẹ̀sùn lọ sí Abuja pé Díákónì ń fi òṣìṣẹ́ ìjọba ṣòwò. Wọ́n fún un ní kúẹ́rì, pé kí ó fi ìwé wí tẹnu rẹ̀. Òfin kò sì ní kọ́nà níbẹ̀ rárá: òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ ní òwò tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, àyàfi iṣẹ́ àgbẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan. Díákónì ka òfin náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì jókòó kọ ojú ìwé mẹ́rin pé àgbẹ̀ ni òun, pé iṣẹ́ oko òun ni àwọn ènìyàn ń rí tí wọ́n ń pè ní òwò, àti pé orúkọ oko náà ni Gbéminíyì Royal Farms. Abuja gbà á. Èmi ò rò pé wọ́n kà á kọjá ojú ìwé kejì.

Lọ́jọ́ kejì ó ránṣẹ́ pe Ìdòwú.

"Ìdòwú, láti òní lọ, àgbẹ̀ ni ọ́."

"Sà?"

"Gbogbo ibi tí ẹ bá ti ń lọ tún ilé ṣe, kí kálukú gbé ọkọ́ lé èjìká, kí ẹ wọ bàtà rọ́bà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, oko lẹ ń lọ."

Ìdòwú ronú sí i. "Ọ̀gá, hoe no fit loose pipe o."

"Ta ló ní kí o fi í tú páìpù? Gbé e kí aráyé rí i. Sípánà rẹ, fi í sínú agbọ̀n."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé àwọn ará Uwasota ń rí ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n gbé ọkọ́ wọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Olùkọ́ yunifásítì kan, Ọ̀gbẹ́ni Ṣùbòmí, ṣílẹ̀kùn fún wọn pẹ̀lú ìyàlẹ́nu.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ṣìlé. Mi ò ní oko. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì mi ló dí."

"A mọ̀, sà," ni Ìdòwú fèsì, ó sì ń fi ojú wá ilẹ̀. "Oko náà nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n fún un ní rìsíìtì tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó ra ogójì iṣu. Ìyàwó rẹ̀ rí ìwé náà nínú àpò rẹ̀, ó bi í pé ilé ta ló kó iṣu náà lọ, wọ́n sì jà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ká ní Díákónì mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa, bóyá ìtàn yìí ì bá parí síbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ gba ara rẹ̀ gbọ́. Ó ra akẹtẹ̀, ó ń dé e lọ sí ìsìn Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn láràárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi. Bí wọ́n bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á ní ẹ kú oko. Ó ń bá àwọn ọ̀dọ́ wí lórí pẹpẹ pé ìran tó sá fún ọkọ́ ti sá fún ìbùkún. Ní ọjọ́ kan tó ń sọ bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ, Ayọ̀mídé ọmọ rẹ̀ obìnrin gbójú sókè kúrò lára fóònù.

"Daddy, but we no get farm."

"Ayọ̀mídé, inú ọkàn ni oko máa ń wà kó tó wà lórí ilẹ̀."

"So e still dey your mind?"

Fọláṣadé ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà, bu ọbẹ̀ kún àwo rẹ̀. Ogún ọdún ló ti fi gbọ́ irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí.

Ní oṣù kẹsàn-án, Dáírẹ́kítọ̀ fẹ̀yìn tì. Àga rẹ̀ ṣófo. Àga yìí ni Díákónì ti ń fẹ́ láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́, kò sì sí ohun mìíràn láyé tó tún ń fẹ́ mọ́. Bí àga náà bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ orí kò ní jẹ́ kó tún rí irú rẹ̀ mọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti fi téèpù wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí nínú yàrá. Ó ti gbẹ́ pátákó orúkọ, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ẹni tí Abuja fẹ́ rán wá láti yan ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ ni Màdáàmù Títíloyè, wọ́n sì ń sọ ọ́ káàkiri ọ́fíìsì pé ọmọ àgbẹ̀ ni, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, àti pé òṣìṣẹ́ tó bá ń dáko máa ń wù ú.

"Ọ̀gá, Ọlọ́run ló kọ lẹ́tà ojú ìwé mẹ́rin yẹn," ni Akíntúndé wí. "Ẹ̀yin kàn bá a mú bírò dání ni."

"Má sọ bẹ́ẹ̀," ni Díákónì fèsì, inú rẹ̀ sì ń dùn. "Má sọ bẹ́ẹ̀ sókè."

Bẹ́ẹ̀, àsìkò ìkórè ti dé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìlú onílùú mọ bí a ti ń ṣe é. A kò ní oko, ọ́fíìsì àti báńkì la wà, ṣùgbọ́n bí ìkórè bá dé, a ó lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu ní ọjà Ekiosa, a ó tò ó sí iwájú pẹpẹ, a ó sì kọrin pé a ti kó irè oko wa délé. Ọdọọdún la ń ṣe é, Ọlọ́run sì ń fojú fò ó. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkórè lọ́dún yìí ni Nọ́ọ̀sì Adétọ́lá.

Ó dìde ní ìpàdé ìjọ, ohùn rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ ni. Ọdọọdún là ń ra irè oko ẹlòmíì wá fi dúpẹ́. Ṣùgbọ́n a ní àgbẹ̀ láàárín wa, àgbẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti fi ìwé sọ fún ìjọba pé àgbẹ̀ lòun. Mo dábàá pé kí Dádì Gbéminíyì jẹ́ Bàbá Ìkórè, kí a sì lọ ṣe àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ nínú oko wọn gan-an ní Sátidé tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún, kí a fi ọwọ́ ara wa kórè. Mo gbọ́ pé àlejò wọn láti Abuja á ti wà nílé. A lè pe màmá náà pẹ̀lú wa."

Gbogbo ilé kígbe pé àmín. Fọláṣadé tẹ ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, rárá ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ọkùnrin yìí sọ. Kò gùn. Ọmọdé mọ̀ ọ́n pè. Ó lè ní kòkòrò ti jẹ oko, ó lè ní àwọn màlúù ti wọ ibẹ̀, ó tilẹ̀ lè ní ara òun kò yá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pè é ní Bàbá Ìkórè, wọ́n sì ti pè é bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ìjọ. Ó dìde, ó fi ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n dúpẹ́, ó sì fi kún un pé ẹni tó bá ń bọ̀ kí ó mú àpò ńlá dání.

Nígbà tí wọ́n délé, Fọláṣadé kò tíì bọ́ gèlè tó fi bi í. "Bàbá Ayọ̀mídé, oko wo?"

"Màmá Ayọ̀mídé, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù."

"Oṣù mẹ́jọ ni iṣu máa ń lò nínú ilẹ̀."

"Ti àwọn tí kò ní ètò nìyẹn."

Ó yá ilẹ̀ kan lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n ti mọ ògiri yí ká ní Uwasota ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì kọ́lé sí. Ní ọ̀sán Jímọ̀, ọkọ̀ ìjọba kó iṣu, kárọ́ọ̀tì, tòmátì àti ọ̀pẹ òyìnbó dé láti ọjà Ekiosa, Ìdòwú àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn wọ́n. Ó yẹ kí ẹ rí iṣẹ́ náà. Púlọ́ńbà tó mọṣẹ́ ni Ìdòwú, kò sì mọ bí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ jákujàku. Ó na okùn, ó fi léfẹ̀ẹ̀lì tó fi ń mọ̀ bí páìpù bá tẹ́jú wọn orí ebè kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì gún régé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ri iṣu mọ́lẹ̀ ní ìbú, bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ́ páìpù. Igi tòmátì tí wọ́n gé wá láti ọgbà ẹnìkan kò ní èso lórí, nítorí náà ó mú tòmátì ọjà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi téèpù funfun wé e mọ́ ẹ̀ka, téèpù tí àwọn púlọ́ńbà fi máa ń wé ẹnu páìpù kí omi má baà jò.

"Ọ̀gá," ló wí nígbà tó nu ọwọ́, "this one no go leak."

Díákónì wo oko náà, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ó wo igi gúáfà kan tó wà ní igun ògiri, ó ní kí wọ́n fi wáyà so ápù mẹ́fà mọ́ ọn.

"Ọ̀gá, apple no dey grow for Benin."

"Ẹ̀ka ìwádìí ni ibẹ̀ yẹn," ni Díákónì wí, Akíntúndé sì pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, ìjọ dé pẹ̀lú àpò ńlá ńlá. Pásítọ̀ dé, ìyàwó pásítọ̀ dé, àwọn ará báńkì àti àwọn ará yunifásítì dé. Nọ́ọ̀sì Adétọ́lá di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú wọlé, ó fi í jókòó sábẹ́ igi gúáfà. Màdáàmù Títíloyè dé kẹ́yìn. Obìnrin kúkúrú ni, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Adéfúnkẹ́, tó jẹ́ ọ̀gá kékeré lábẹ́ Díákónì, ló ń bá a rìn.

Díákónì gorí òkúta kan. Ó dé akẹtẹ̀, ó wọ agbádá, ó sì gbé ọkọ́ tuntun kan tí ìwé ilé ìtajà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn dání.

"Màdáàmù wa, Pásítọ̀ wa, ẹ̀yin ẹni iyì, ẹ̀yin ẹni ẹ̀yẹ. Ohun tí ẹ ń wò yìí, òógùn mi ni. Ìdájí ni mo máa ń dé ibí. Àwọn ẹyẹ mọ̀ mí. Ilẹ̀ yìí sọ fún mi pé Oyèlékè, sinmi, mo ní rárá, n kò lè sinmi nígbà tí ebi ń pa orílẹ̀-èdè."

Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Màdáàmù ti kúrò níbi tó dúró sí, ó ti ń rìn láàárín àwọn ebè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí Díákónì dánu dúró láti mí, ó bi í léèrè.

"Ẹ kú iṣẹ́, Díákónì. Ìgbà wo lẹ gbin iṣu yìí?"

"Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, Mà. Pẹ̀lú ààwẹ̀."

"Ewé rẹ̀ dà?"

"A ti kọ́kọ́ kórè ewé, Mà."

"Kí ló wá gùn nígbà tó ń dàgbà? N kò rí ọ̀pá iṣu kankan."

"Iṣu tèmi kì í gùn, Mà," ni Díákónì wí. "Ìrẹ̀lẹ̀ ni mo fi kọ́ ọ."

Màdáàmù kọjú sí ìjọ. "Ó dáa," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká kórè."

Pásítọ̀ gbàdúrà, ìjọ sì tú wọ inú oko. Ìyàwó pásítọ̀ ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sí tòmátì. Ó fà á, kò já. Ó tún fà á, ohun funfun kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lára ẹ̀ka, ó ń gùn, ó ń gùn, títí ó fi kan ilẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí sún mọ́ ọn kí wọ́n lè rí i. Ìdòwú kò lè fara dà á pé kí ẹnìkan máa ṣe iṣẹ́ òun báṣubàṣu bẹ́ẹ̀.

"Mummy, ẹ má fà á," ló wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ẹ yí i sápá òsì. Mo wé e dáadáa ni."

Ní apá kejì, Ọ̀gbẹ́ni Ṣùbòmí fa kárọ́ọ̀tì kan, márùn-ún sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú rọ́bà tí wọ́n fi dì wọ́n lọ́jà. Ó gbé wọn sókè kí oòrùn lè tàn sí wọn lára. Ayọ̀mídé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ran gbogbo ìjọ. Ọwọ́ pálábá Díákónì ségi níṣojú gbogbo ènìyàn, òun sì wà lórí òkúta níbẹ̀ tó ń wí pé irú tuntun ni, pé òyìnbó ló fi ránṣẹ́, pé ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Nọ́ọ̀sì Adétọ́lá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn lọ bá Ìdòwú.

"Bùrọ̀dá Ìdòwú, ẹ̀yin lẹ gbin oko yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Sister."

"Ọjọ́ wo?"

Ìdòwú wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo ìyá àgbà tó jókòó sábẹ́ igi gúáfà, ó sì sọ òótọ́. "Àná ni."

"Ẹ kú iṣẹ́. Lẹ́tà tí mo gbà kẹ́yìn ní ẹ wà lẹ́nu ìrìn àjò iṣẹ́. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ìyá mi nìyẹn. Kíṣìnì ni wọ́n ń sùn, nítorí òrùlé wa ń jò, kò sì sí ẹni tó ráàyè."

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Àwọn ènìyàn kò mọ ibi tí wọn yóò gbé ojú sí, pàápàá àwọn oníbàárà Díákónì, tí Ìdòwú ti tún ilé tiwọn ṣe láàárín ọjọ́ kan. Inú bí èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, inú sì ṣì ń bí mi. Màdáàmù Títíloyè fọ ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́, ó ní kí Díákónì wá bá òun ní ọ́fíìsì ní aago mẹ́sàn-án lọ́jọ́ Ajé.

Ní ọjọ́ Ajé, ìwé méjì ló wà lórí tábìlì. Màdáàmù jókòó sórí àga Dáírẹ́kítọ̀ náà gan-an, Díákónì kò sì lè mú ojú rẹ̀ kúrò lára àga ọ̀hún.

"Mà," ló bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin ẹni iyì, mo dúró níwájú yín lónìí pẹ̀lú ọkàn..."

"Ẹ jókòó, sà." Màdáàmù kò gbóhùn sókè. "Mo ti ka lẹ́tà yín tán, ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀nà méjì ló wà. Bí ẹ kì í bá ṣe àgbẹ̀, a jẹ́ pé àtúnṣe ilé lòwò yín, òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ sì fi ń ṣe é. Ẹ buwọ́ lu ìwé yìí, òfin á bá yín ṣe é. Iṣẹ́ á lọ, owó ìfẹ̀yìntì á lọ, ilé ẹjọ́ lè tẹ̀lé e."

"Èkejì ńkọ́, Mà?"

"Bí ẹ bá jẹ́ àgbẹ̀ lóòótọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti kọ ọ́, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ yín. A ti fi yín sí ibi tí kò yẹ yín láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ìjọba ní ibùdó ọ̀gbìn kan lódìkejì odò Ovia, wọn kò ní òṣìṣẹ́ tó. Ẹ buwọ́ lu èyí, ẹ ó máa lọ síbẹ̀ títí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì. Kò sí àga níbẹ̀."

Díákónì wo ìwé àkọ́kọ́. Ó wo ìkejì. Òógùn bo ojú rẹ̀. Ó ń wá ọ̀nà kẹta, irú èyí tó máa ń rí nínú òfin bí ó bá ti nu awò ojú rẹ̀, ó nù ún títí, kò sì rí i. Obìnrin náà ń retí ìdáhùn, ó gbé ọwọ́ lé ara wọn lórí tábìlì, kò kánjú rárá.

"Àgbẹ̀ ni mí, Mà," ló wí nígbẹ̀yìn, ó sì gba bírò.

Kí ó tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n ti ní kí Adéfúnkẹ́ gbé àpótí rẹ̀ wá sínú yàrá Dáírẹ́kítọ̀. Adéfúnkẹ́ kò ṣe ìfilọ́lẹ̀ kankan fún ipò tuntun náà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kó Ìdòwú àti káfíńtà méjì lọ sí Bùlọ́ọ̀kù Kẹrin, wọ́n pààrọ̀ páànù mẹ́ta, wọ́n sì kan ìṣó. Wákàtí méjì àti díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbà. Akíntúndé sáré dé pẹ̀lú okùn pupa àti sísọ́ọ̀sì, ó ti ń wú ikọ́, Adéfúnkẹ́ sì ní kí ó wá di àkàbà mú. Ìyá àgbà padà sínú yàrá rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Díákónì dé ibùdó ọ̀gbìn ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e. Ọ̀gá ibẹ̀ ni Ìdùnnúolúwa, ọmọbìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kan tó kàwé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa, nítorí pé ilé tó dáa ló ti wá.

"Ẹ káàbọ̀, Dádì. Inú wa dùn pé wọ́n fún wa ní àgbẹ̀ gidi. Ogójì ebè ni tiyín títí di ọ̀sán."

"Ọmọ mi," ni Díákónì wí, "kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí n bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ ìwúrí díẹ̀." Ó kọjú sí àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó wà níbẹ̀, ọmọ Ẹ̀dó ni gbogbo wọn. "Ẹ̀yin ẹni iyì, ẹ̀yin ẹni ẹ̀yẹ..."

Wọ́n ti ń lọ. Ọ̀kan nínú wọn bojú wẹ̀yìn, ó fi ọkọ́ júwe òkè.

"Oga, sun dey come o. Start."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ebè àkọ́kọ́ gba wákàtí kan. Ìkejì wó, ó tún un ṣe. Nígbà tí oòrùn dé àárín orí, mẹ́ta ló wà nílẹ̀, gbogbo wọn wọ́, awọ ọwọ́ rẹ̀ sì ti bó lójú méjì. Fóònù rẹ̀ dún. Fọláṣadé ni.

"Bàbá Ayọ̀mídé, ẹ kú oko," ló wí, kò sì sí yẹ̀yẹ́ nínú ohùn rẹ̀, èyí ló tilẹ̀ dun ọkùnrin náà jù. "Báwo ni ibẹ̀?"

Díákónì la ẹnu. Ó dúró kí ọ̀rọ̀ ńlá kan dé, ó dúró títí Fọláṣadé fi rò pé fóònù ti já.

"Ẹ̀yìn ń dùn mí," ló wí. Ó ní kí ó jẹ́ kí òun máa lọ, torí ebè mẹ́tàdínlógójì ló kù.